PHP ni mo fi gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi ró, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà

Àjàní Olóríkì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Ibi tí àwa tó ń kọ kóòdù bá ti pé jọ lóde òní, bí ẹnì kan bá ti dárúkọ PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bùsáìtì, pẹ́nrẹ́n, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní èdè ayé àtijọ́ ni, wọ́n á ní ó ti kú tipẹ́. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tí mò ń kó oríkì ìdílé àti ti àwọn ìlú agbègbè wa jọ sí. PHP ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, PHP ló sì ń gbé e ró dòní. Àwọn fáìlì kan wà níbẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn láti ayé PHP 5, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí PHP 8 láìsí wàhálà.

Ẹ wo ibi tí èdè yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1994, Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí sí Greenland, fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń wá ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó gbé sórí wẹ́ẹ̀bù. Ó fi èdè C kọ àwọn ètò kéékèèké kan tí yóò máa bá a kà wọ́n. Ní June 1995 ó kó wọn jáde fún gbogbo ayé, ó sọ wọ́n ní Personal Home Page Tools. Kì í ṣe báńkì ló torí ẹ̀ kọ ọ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Ojú-ìwé ẹnì kan ṣoṣo ló torí ẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tó yá, Zeev Suraski àti Andi Gutmans, tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Technion ní Ísírẹ́lì, tú u palẹ̀, wọ́n tún un kọ, èyí ló di PHP 3 ní 1998. Síbẹ̀ ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn kò kúrò lára rẹ̀. Ẹ máa kọ HTML yín, èdè tí a fi ń to ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò tàbí kó wá nǹkan, ẹ ṣí `<?php`, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ fi `?>` tì í, ẹ máa bá HTML yín lọ.

Èyí tó kéré jù ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú-ìwé mi:

`<p>Àjàní, <?php echo date('Y'); ?></p>`

Láti ìgbà tí mo ti kọ ìlà yẹn, ọdún tuntun kì í dé kí n tún máa wá ibi tí màá ti yí ọdún padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni `include 'oke.php';` tó ń gbé orí ojú-ìwé wá: bí mo bá yí i nínú fáìlì kan, ó ti yí níbi gbogbo.

Ta ló ṣì ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tirẹ̀ níbí, kí lẹ sì fi ń gbé e ró?

Ẹlẹ́rọ Yábàá

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. JavaScript ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan PHP nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Èdè tí kò létò ni. `strpos`, function (àṣẹ tó ní orúkọ) tó ń wá nǹkan nínú ọ̀rọ̀, ní kí n kọ́kọ́ fún òun ní ọ̀rọ̀ náà, kí n tó fún òun ní ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀. `in_array`, tó ń wá nǹkan nínú array (àkójọ), ní ohun tí mò ń wá ni kó ṣáájú. `str_replace` ní àmì ìlà (_) láàárín, `strlen` kò ní. Ta ló fẹ́ máa há gbogbo ìyẹn sórí?

Ẹ tún wo ti ààbò. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí mo ti rí tí àwọn oníjìbìtì já wọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, PHP ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìyá Olóòtú

Àbúrò mi, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn orúkọ yẹn rí wúruwùru. Lerdorf fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ibi tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá: ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ ni ètò náà fi ń pín àwọn function sí àyè, kí ó lè tètè rí wọn. Torí náà, ó ń mú kí gígùn orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Ní ti `strpos` àti `in_array`, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé bó bá jẹ́ inú ọ̀rọ̀ la ti ń wá nǹkan, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń ṣáájú. Bó bá jẹ́ inú array ni, ohun tí à ń wá ló ń ṣáájú. Láti PHP 8 tó jáde ní November 2020, `str_contains` ti wà, ó sì gba `strpos` lọ́wọ́ wa níbi púpọ̀.

Ti ààbò ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Láyé àtijọ́, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní register_globals. Ohunkóhun tí àlejò bá kọ sẹ́yìn àdírẹ́sì rẹ á di variable (àpótí tí kóòdù ń kó nǹkan sí) nínú kóòdù rẹ. Ó burú. Wọ́n ti pa á láti 2002, àfi ẹni tó bá dìídì tàn án. Nígbà tó di 2012, PHP 5.4 yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ní 2013 `password_hash` dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ọgbọ́n ìpamọ́ password. Nígbà tí PHP 7 jáde ní December 2015, wọ́n lé gbogbo ìdílé `mysql_query` lọ, àwọn àṣẹ àtijọ́ tí PHP fi ń bá MySQL, database (ibi ìkó-ọ̀rọ̀-pamọ́) kan, sọ̀rọ̀, PHP fúnra rẹ̀ sì yára débi pé ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì rí i pé server (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ìwé ránṣẹ́) kan náà ń dá èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì lóhùn. Èdè tó ń gba ìbáwí, tó sì ń ṣàtúnṣe, láìlé àwọn àgbà kóòdù jáde nílé: mo bọ̀wọ̀ fún un.

Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n já wọ̀ yẹn, plugin (ètò àfikún) tí kò sẹ́ni tó bójú tó o mọ́ lórí WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ni wọ́n gbà wọlé. Kì í ṣe èdè ló sùn.

Ẹni tó bá sì ní PHP ti kú, kó ṣí Wikipedia èdè Yorùbá kó wò ó. Ètò tí wọ́n ń pè ní MediaWiki ló gbé e ró, PHP sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Magnus Manske, ọmọ Jámánì, ló kọ ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Wikipedia bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní January 2002. WordPress náà, PHP ni, láti 2003. Facebook pàápàá, PHP ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Nínú àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí a mọ èdè tí server wọn ń lò, àwọn tó ń lo PHP ju 70% lọ.

Ọmọ Peckham

Ẹ káàárọ̀ láti London. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú PHP, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti tẹ̀síwájú jù. HTML lásán ni tèmi. Ìtàn ìgbà èwe mi l'Óṣogbo ni mo ń kọ sí i, àti àwòrán díẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí síbí ni mò ń kọ ọ́ fún. Kò sí database tó lè bàjẹ́. Kò sí ẹ̀yà tuntun tí mo gbọ́dọ̀ máa lé. Browser èyíkéyìí á ṣí i, ìbáà jẹ́ lórí fóònù tó ti gbó.

Ohun tó ká mi lára jù èdè lọ ni pé kí èèyàn má máa gbé ilé onílé. Ẹ rántí GeoCities, ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ojú-ìwé tiwọn sí, tí Yahoo tì pa ní October 2009. Ojú-ìwé àìmọye èèyàn, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí June 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, tí wọn kò sì ṣí i títí di January 2022. Àwọn òǹkọ̀wé wa tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ibo ni kí àwọn òǹkàwé wọn máa wá wọn sí? Ẹni tó ní domain (orúkọ àdírẹ́sì) tirẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ hosting, tó gba wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ sílé, bá hùwà tí kò dáa, á kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn, àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní yí padà.

Àjàní Olóríkì

@Ọmọ Peckham, ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ló ń kọ, tí mo bá ti kọ ọ́ tán tí kò ní yí mọ́, HTML tó. Èmi náà á kọ́kọ́ gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fi HTML bẹ̀rẹ̀.

Ti oríkì yàtọ̀. Àwọn èèyàn ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìyá àgbà kan á ki Òpómúléró lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí. Màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá fi orúkọ ìlú tó ti wá sí i. Ẹlòmíràn á kà á, á ní bí wọ́n ṣe ń ki í nílé àwọn kọ́ nìyẹn, á fi tirẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ń gba méjèèjì, mo ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. HTML lásán kò lè bá mi ṣe ìyẹn.

Ohun míràn tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú PHP, àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà kíyè sí i. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè ojú-ìwé, kóòdù mi ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kú, gbogbo ohun tó kó sórí ìrántí kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn bèèrè, ó tún bẹ̀rẹ̀ lótun. Bí ojú-ìwé kan bá ní àṣìṣe, òun nìkan ló ń ṣubú. Hosting olówó pọ́ọ́kú, tí èmi àti ọgọ́rọ̀ èèyàn jọ ń lo server kan, gbà á láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ tí laptop mi kú, màá ṣí cPanel, ojú-ìwé tí a fi ń darí hosting, lórí fóònù, màá tún ìlà kan ṣe nínú File Manager, iṣẹ́ ti parí. Kò sí ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó jọ, kó dì, kó tó gòkè lọ.

Tísà Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mò ń ṣe atúmọ̀-èdè kékeré fún wọn lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi, PHP àti MySQL ni mo sì ń lò. Ìṣòro méjì ló bá mi.

Àkọ́kọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ mi dáadáa, ṣùgbọ́n lójú-ìwé, "ẹ" ń jáde bíi áº¹, "ṣ" ń jáde bíi á¹£. Èkejì ló dùn mí jù. Mo fi "ọkọ̀" sínú, ó gbà á. Mo fẹ́ fi "ọkọ́" sínú, ó kọ̀ ọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọkọ́ tí a fi ń roko! Ó tún kọ "ọkọ" ìyàwó náà. Ǹjẹ́ kì í ṣe pé PHP ò gbọ́ Yorùbá?

Alámì Ohùn

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. PHP kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ti bá a pàdé.

Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, "ẹ" jẹ́ byte (ẹyọ nọ́ńbà) mẹ́ta: E1 BA B9. Bí ohun kan lójú ọ̀nà bá rò pé Latin-1, ọ̀nà àtijọ́ tí lẹ́tà kan jẹ́ byte kan, ni òun ń kà, á sọ byte kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà kan. E1 á di á, BA á di º, B9 á di ¹. Ohun tí ẹ ń rí gan-an nìyẹn. Torí náà kò sí ohun tó sọnù, kíkà ni wọ́n ṣì í kà. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò: `<meta charset="utf-8">` lórí ojú-ìwé; `charset=utf8mb4` (UTF-8 pípé ti MySQL) nínú ìlà tí PDO, ohun tí PHP fi ń bá database sọ̀rọ̀, fi ń wọlé sí MySQL; àti tábìlì fúnra rẹ̀, nítorí kí MySQL 8 tó dé ní 2018, latin1 ló ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún un. Àárín ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Ti ọkọ̀ àti ọkọ́, collation ni, òfin tí database fi ń wé ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn. MySQL 8 ń lo `utf8mb4_0900_ai_ci` bí ẹ kò bá yan òmíràn. "ai" yẹn ni pé kó má ka àmì sí. Lójú rẹ̀, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀, àti oko tí a ń lọ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ sì ti fi UNIQUE sí i pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ fún un pé àmì ṣe pàtàkì:

`ALTER TABLE atumo MODIFY oro VARCHAR(100) COLLATE utf8mb4_0900_as_cs NOT NULL;`

Ohun kẹta wà tí ẹ kò tíì bèèrè, ṣùgbọ́n yóò bá yín. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún "ọ̀" nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè. Keyboard kan á kọ ọ́ ní ọ, kó tó fi àmì ohùn lé e: ìyẹn jẹ́ ohun méjì. Òmíràn á kọ o, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á wá fi àmì ohùn sí i: ohun mẹ́ta. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `===` wé wọn, PHP á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. `strlen` á ní 5 ni méjèèjì, nítorí byte ló ń kà. `mb_strlen` á ní 2 fún èkíní, 3 fún èkejì. `grapheme_strlen` nìkan ló ń kà á bí àwa ṣe ń kà á: 1. Kí ọ̀rọ̀ tó wọ database, ẹ gbà á kọjá níbí, kó lè sọ méjèèjì di ọ̀kan náà:

`$oro = Normalizer::normalize($oro, Normalizer::FORM_C);`

Inú intl, àfikún PHP kan, ni Normalizer wà, ọ̀pọ̀ hosting ló sì ní in. Ẹ tàn án nínú cPanel bó bá wà ní pípa. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi `ucfirst` sílẹ̀, kò mọ "ọ" rárá. `mb_ucfirst` ti wà láti PHP 8.4 tó jáde ní 2024, yóò sọ "ọ̀yọ́" di "Ọ̀yọ́" fún yín.

Tísà Ọ̀yọ́

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìlà PDO yẹn ni, bí ẹ ṣe sọ. Mo yí tábìlì náà padà, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ti jókòó ti ara wọn. Àwọn ọmọ náà rí i, wọ́n pariwo!

Ó wá ku ìkan. Fóònù púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò ní keyboard Yorùbá. "Oko" lásán ni wọ́n máa tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kó sọ fún wọn pé kò sí.

Alámì Ohùn

Collation tó ń yọ yín lẹ́nu lánàá ló máa ṣe ìyẹn. Ẹ fi tábìlì sílẹ̀ bó ṣe wà, inú ìbéèrè nìkan ni kí ẹ ti lò ó:

`SELECT * FROM atumo WHERE oro COLLATE utf8mb4_0900_ai_ci = ?`

Ọmọ tó bá tẹ "oko" á rí gbogbo wọn, pẹ̀lú àmì wọn pípé. Ẹ to èyí tó bá ohun tó tẹ̀ mu gan-an sókè, kí ọmọ tó mọ àmì lè jèrè mímọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Yábàá

Mo ti padà dé o. Mi ò mọ̀ pé ohun tó tó báyìí wà nínú ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ẹ ṣeun gan-an, @Alámì Ohùn. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn oníbàárà ń kọ orúkọ wọn dáadáa, ètò wa ń bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìṣòro. Màá gbé e dìde lọ́sẹ̀ yìí.

Mo tún dán PHP wò lẹ́ẹ̀kan sí i. `php -S localhost:8000` nínú fódà, wẹ́ẹ̀bùsáìtì dìde, láìgbé ètò server bíi Apache wọlé. Àbúrò mi tí kò ní laptop gbé Termux, áàpù tó ń gba àṣẹ bíi ti kọ̀ǹpútà, sórí Android rẹ̀, `pkg install php`, òun náà ń ṣe tirẹ̀ lórí fóònù. Mo gbà pé fún ojú-ìwé ẹnì kan, ó rọrùn ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé ó dáa fún ohun tí èèyàn púpọ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èdè tí gbogbo rẹ̀ ń kú lẹ́yìn ìbéèrè kan, báwo ló ṣe máa di ìlà tó ṣí sílẹ̀ mú? Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àjàní ń yìn gan-an ló ń dí i lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ṣé kí n gbé Laravel, àkójọ kóòdù PHP tó ti wà nílẹ̀, lé e fún àbúrò mi?

Ìyá Olóòtú

Níbẹ̀ yẹn, o gbà mí lẹ́nu. Bó bá jẹ́ gbàgede ìtàkùrọ̀sọ lójú ẹsẹ̀ ni, èmi náà á wá nǹkan míràn lò fún apá yẹn.

Má tíì gbé Laravel lé e. Láti 2011 ló ti wà, iṣẹ́ ń bẹ nídìí rẹ̀, ọjọ́ á dé tó máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí `$_GET` àti `$_POST` (ibi tí ohun tí àlejò fi ránṣẹ́ máa ń wà) jẹ́, kó mọ bí fáìlì kan ṣe ń pe òmíràn, kó fi PDO bá database sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò mọ ohun tí Laravel ń bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti domain kún un, nítorí ó ń dá ẹkún sílẹ̀. Orúkọ yín ni kí ẹ fi rà á, ímeèlì yín ni kí ẹ fi sí i. Mo mọ àwọn èèyàn tí ẹni tó bá wọn kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì fi orúkọ ara rẹ̀ ra domain, nígbà tí wọ́n jà, gbogbo rẹ̀ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng ni ẹ yàn, ẹ wá ẹni tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, fọwọ́ sí láti máa tà á, ẹ ó sì lè fi náírà san án, kí ọ̀rọ̀ dọ́là má bàa jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́dún tí káàdì bá kọ̀. Ẹ sì máa gbé ẹ̀dà database àti fáìlì yín wálé déédéé, sórí flash tàbí laptop. Backup tó wà lórí server kan náà, ó ń bá server náà lọ ni.

Tísà Ọ̀yọ́

Mo fẹ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ nílé sínú rẹ̀ fúnra wọn, pàápàá àwọn tó wá láti Ṣakí àti Ìgbòho, ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ ń bẹ lẹ́nu wọn. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ kí n tó ṣí fọ́ọ̀mù náà fún wọn?

Àjàní Olóríkì

Tísà, ohun mẹ́rin. Ẹ má so ohun tí wọ́n kọ pọ̀ mọ́ SQL tààrà. Ẹ lo `prepare`, kí ẹ fi `?` sí àyè rẹ̀ bíi ti ìlà tí Alámì Ohùn kọ lókè. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde sójú-ìwé, ẹ gbà á kọjá nínú `htmlspecialchars`, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi kóòdù ránṣẹ́ lórúkọ ọ̀rọ̀. Fáìlì tí password database wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e kúrò nínú public_html, ẹ fi sí fódà òkè rẹ̀, kí browser má lè dé ibẹ̀.

Ìkẹrin: ẹ fi àyè kan kún tábìlì náà fún ìlú tí ọ̀rọ̀ ti wá àti ẹni tó sọ ọ́ fún ọmọ náà, bó bá jẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ ni, kó kọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fi sí tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣòro láti máa wá a lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ síbí. Mo ní ọ̀rọ̀ nínú oríkì àwọn ará Ìgbòho tí kò tíì yé mi, àwọn ọmọ yín lè mọ̀ ọ́n.